Ọjọ́ tí ahun gba àlejò: kí ló ń mú ẹranko méjì tí kò jọra di ọ̀rẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ ọ̀bọ kékeré kan ló di mọ́ ọmọ ajá lọ́rùn, ó ń fi ìka tú irun ara rẹ̀ wò, àwọn méjèèjì sì jọ ń mu mílíìkì nínú abọ́ kan ṣoṣo. Orin dídùn ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e síbí láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ìfẹ́!" Ẹ̀yin náà ò kúkú jẹ́ kó sinmi. Ẹ pín in kiri bí ẹ̀bà ìsìnkú.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fídíò yẹn wò. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń wo àwọn tó ń ṣe é. Kí ló dé tí ọ̀bọ yẹn kì í dàgbà?"

Ìbéèrè yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbá mi létí. Mo padà lọ wo àwọn fídíò wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí dátà mi fi fẹ́ tán. Òótọ́ ni. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ fún ọ̀bọ, ọ̀bọ ò dàgbà. Nígbà tí mo wá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀bọ kan náà rárá. Èyí ní àpá kékeré lẹ́bàá etí, tìṣáájú ò ní i. Àwọn tó ti dàgbà wá dà? Kò sẹ́ni tó sọ.

Mo yọ fídíò náà kúrò, ojú sì tì mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ ni? Ṣé ẹranko méjì tí kò jọra lè ṣọ̀rẹ́ lóòótọ́, àbí àwa èèyàn la kàn ń fi ojú tiwa wò wọ́n? Mo jókòó tì í, mo ka ohun tí mo lè kà. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣẹlẹ̀ lásán. Ó ní ohun tó ń fà á, ó ní ohun tó ń gbé e ró, ó sì ní ohun tó ń tú u ká. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, fídíò kan ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i tàn jẹ mọ́.

Èyí tí mo mọ̀ jù nínú wọn ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ìjàpá ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ìjàpá.

Ahun tí kò láhun

Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni, ní ìparí ọdún 2004. Òjò ńlá ti rọ̀, odò Sabaki kún, omi sì gbé agbo erinmi kan wá sí etí òkun nítòsí ìlú Malindi. Erinmi ni ẹranko ràgàjì tó máa ń yọ ojú àti imú nìkan sókè nínú odò. Odò ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe omi iyọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìgbì òkun tsunami, èyí tó ṣọṣẹ́ ní Éṣíà ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, fi rin òkun já dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí omi rọlẹ̀, ọmọ erinmi kan ṣoṣo ni àwọn ará ìlú rí, tó há sórí àpáta nínú òkun. Ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn apẹja àtàwọn ará ìlú kó àwọ̀n jáde. Wọ́n lo ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó rí i mú, nítorí ara erinmi ń yọ̀, ó sì lágbára. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Owen ló fò mọ́ ọn kí wọ́n tó rí i dì, ni wọ́n bá fi orúkọ ọkùnrin náà sọ ọ́. Owen erinmi tó bí ọmọ ọdún kan nígbà náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì sún mọ́ 300 kìlógíráàmù. Ẹ ṣáà ro àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà tó ní ẹsẹ̀, tó sì ń bínú.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di Haller Park ní Mombasa. Ibẹ̀ pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Bamburi ló wa òkúta ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi di ihò funfun tí koríko ò hù. Ní ọdún 1971, René Haller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò náà di igbó, tí ẹranko sì ń gbé inú rẹ̀.

Nínú ọgbà tí wọ́n tú Owen sí, ìjàpá kan báyìí wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìjàpá tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé o. Irú ìjàpá Aldabra ni, àwọn òmìrán tí ìran wọn wá láti erékùṣù Seychelles, akọ wọn sì lè wọn ju 200 kìlógíráàmù lọ. Mzee ni wọ́n ń pè é. Ní èdè Swahili, àgbàlagbà ni mzee túmọ̀ sí, bí ìgbà tí àwa bá ń pe èèyàn ní Bàbá. Wọ́n fojú bù ú pé yóò ti tó ẹni 130 ọdún.

Bí wọ́n ṣe tú okùn lára Owen báyìí, ẹ̀yìn Mzee ló sá lọ. Ó lúgọ síbẹ̀ bí ọmọ tó ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mzee ò fẹ́ rárá. Ó mí fìì, ó sì rọra wọ́ kúrò níbẹ̀. Owen tẹ̀lé e. Ìjàpá kúrò, Owen tún tẹ̀lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ bá àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ̀yin náà mọ ìjàpá tiwa nínú àlọ́. Olè ni, ọ̀dàlẹ̀ ni, kò sí ẹni tí kò lè rẹ́ jẹ. Kódà, ahun tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà là ń pe ẹni tí owó kì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àlọ́ tí ìyá mi pa fún wa, mi ò rántí ibi tí ìjàpá ti gba àlejò láìní ètekéte nínú. Mzee ò gbọ́ àlọ́ wa ní tiẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ń jẹ́ kí ọmọ náà gbórí lé òun sùn. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń wọ inú adágún omi, wọ́n jọ ń rìn. Owen ò kọ́kọ́ fẹ́ jẹun nígbà tó dé. Ẹ̀gbẹ́ Mzee ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé.

Nígbà tó yá, wọ́n tún ní bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí Mzee bá fẹ́ kí Owen dìde kí wọ́n jọ rìn, yóò rọra gé e ní ìrù jẹ. Bí Owen bá fẹ́ kí Mzee gba ọ̀nà kan, yóò rọra fi ẹnu kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà tún gbọ́ ìró kan tó ń rìn nílẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe síra wọn, èyí tí kì í ṣe ti erinmi, tí kì í sì í ṣe ti ìjàpá.

Peter Greste ló ya àwòrán wọn tó gba gbogbo ayé kan. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni akọ̀ròyìn Al Jazeera tí wọ́n wá tì mọ́lé ní Íjíbítì ní ọdún 2013. Paula Kahumbu tó jẹ́ olórí ibẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú Craig Hatkoff àti ọmọbìnrin rẹ̀ Isabella, kọ ìtàn wọn sínú ìwé tó jáde ní 2006.

Kí ló mú kó rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó láti ọ̀dọ̀ Owen. Erinmi kì í dá gbé. Ọmọ erinmi máa ń wà lẹ́bàá ìyá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí èyí tó bá dá wà, oúnjẹ ọ̀nì ni, oúnjẹ kìnnìún ni. Nítorí náà, wọ́n bí i mọ́ ọn láti wá ohun ńlá kan sún mọ́, kó sì máa tẹ̀lé e. Nínú ọgbà yẹn, kí ló tóbi, tó rí roboto, tó ní àwọ̀ eérú, tó sì ń rìn wúyẹ́wúyẹ́ nílẹ̀? Mzee ni. Kì í ṣe pé Owen jókòó, ó rò ó, ó wá ní, "Ìyàtọ̀ ò sí láàárín wa." Ohun tó jọ ìyá jù nítòsí ló gbá mọ́.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Ní àwọn ọdún 1930, Konrad Lorenz, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko ní Austria, fi hàn pé ohun tí ọmọ ẹyẹ gíìsì bá kọ́kọ́ rí tó ń rìn lẹ́yìn tó jáde nínú ẹyin ni yóò gbà ní ìyá. Lorenz fúnra rẹ̀ ni àwọn kan rí, bàbá onírùngbọ̀n, ni wọ́n bá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973.

Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ jẹ́ ká sọ pé a ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ṣebí àwọn ìyá wa ti ń gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìẹ. Adìẹ yóò sàba, yóò pa á, yóò sì máa kó àwọn ọmọ náà kiri bí ọmọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí omi, wọ́n á bọ́ sínú rẹ̀ gbàmù. Adìẹ á wà létí omi, á máa ké, á máa sáré síwá sẹ́yìn. Ó dá a lójú pé ọmọ òun fẹ́ kú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá jáde, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí.

Ti Mzee ló ṣòro jù. Ìjàpá kì í tọ́mọ. Bí abo ìjàpá bá ti yé ẹyin sínú ilẹ̀, tó bò ó, ó ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Nítorí náà, a ò lè sọ pé ẹ̀mí ìyá tàbí ti bàbá ló gbé e. Ohun tó hàn sójú ni pé Owen ò lè pa á lára nígbà náà, kò sì já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ewé pọ̀ nílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ìjàpá ò sì lè sáré kúrò. Ohun tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́, tí kò pa á lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn lára. Bí mímọ́lára ṣe wá di gígé ìrù jẹ pẹ̀lẹ́ láti sọ pé "dìde, ká lọ", ibẹ̀ gan-an ló yà mí lẹ́nu.

Ibi tí wọ́n wà náà ṣe pàtàkì. Kò sí kìnnìún nínú ọgbà yẹn, ọ̀dá ò sí, òṣìṣẹ́ ń gbé oúnjẹ wá. Ká ní inú igbó gbalasa ni wọ́n ti pàdé ni, ìjàpá á máa lọ, erinmi á máa lọ.

Ẹ ti rí i báyìí. Ohun mẹ́ta ló pàdé: ọmọdé tó ń wá ẹni sún mọ́, ikùn tó yó, àti ibi tí ẹ̀rù ò sí. Ẹ yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Bí ebi bá wọ̀ ọ́

Kẹ́ńyà kan náà ni, ní ọgbà ẹranko Samburu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002. Abo kìnnìún kan mú ọmọ oryx, irú àgbọ̀nrín kan tí ìwo rẹ̀ gùn tó sì tọ́. Kò pa á jẹ. Ó ń ṣọ́ ọ. Ó ń sùn tì í. Bó bá lọ, òun náà ń lọ. Àwọn èèyàn Samburu sọ ọ́ ní Kamunyak, ẹni ìbùkún. Saba Douglas-Hamilton àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dudu, tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ létí ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣírò rẹ̀. Bí kìnnìún bá lọ dọdẹ, ta ni yóò ṣọ́ ọmọ? Bí kò bá sì lọ, kí ni yóò jẹ? Ọmọ oryx náà ń fẹ́ wàrà, kìnnìún ò sì ní i fún un. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí akọ kìnnìún kan tó wá pa ọmọ náà, tó sì jẹ ẹ́. Kamunyak ò jáwọ́ o. Ó tún mú òmíràn, àti òmíràn lẹ́yìn náà. Kò sí èyí tó bá a dàgbà nínú wọn.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi ò sọ pé Kamunyak ò fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìfẹ́ nìkan ò bọ́ ọmọ.

Ẹ̀kejì ni ti Rọ́ṣíà, nítòsí ìlú Vladivostok. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, wọ́n ju òbúkọ kan sínú ọgbà táígà, ẹkùn abilà tó ń jẹ́ Amur. Oúnjẹ ni wọ́n fi òbúkọ náà ṣe. Àmọ́ ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún òbúkọ pé kó bẹ̀rù. Kò sá. Ó tún lọ gba ibi tí Amur ń sùn mọ́ ọn lọ́wọ́! Amur wò ó, ó fi í sílẹ̀. Wọ́n sọ òbúkọ náà ní Timur, wọ́n jọ ń rìn kiri nínú yìnyín, gbogbo ayé sì ń pariwo wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó tó bí oṣù méjì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, Timur yọ Amur lẹ́nu kọjá ààlà. Táígà náà fi ẹnu gbé e ní ọrùn, ó sì jù ú sí ìsàlẹ̀ òkè. Kò pa á, ṣùgbọ́n wọ́n pín wọn níyà lọ́jọ́ náà. Wọ́n tọ́jú òbúkọ náà títí, ara rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò tán, ó sì kú ní 2019. Amur ń rí ẹran mìíràn jẹ ní gbogbo àkókò yẹn o. Ikùn rẹ̀ yó. Síbẹ̀, táígà ni.

Ìbéèrè mẹ́ta

Báwo la ṣe wá lè mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti èyí tí kì í ṣe ọ̀rẹ́? Barbara J. King, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ìwà ẹranko, dábàá ohun mẹ́ta tó yẹ ká máa wò. Mo fi ọ̀rọ̀ tiwa gbé e kalẹ̀ báyìí.

Àkọ́kọ́: ṣé ó pẹ́? Eré ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ìkejì: ṣé àwọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, àbí ẹnì kan ló ń lé ẹnì kan kiri?

Ìkẹta: ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan yí nǹkan kan padà nínú ìṣe rẹ̀ nítorí èkejì?

Ẹ fi wo Owen àti Mzee. Ó pẹ́, kì í ṣe ọjọ́ kan. Méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, nítorí Mzee náà ń wá Owen. Méjèèjì ló sì yí ìṣe padà: erinmi, tó jẹ́ pé òru ló máa ń jẹko, wá ń jẹun ní ọ̀sán pẹ̀lú ìjàpá, ìjàpá, tó máa ń dá ṣe tirẹ̀, wá ń dúró de ẹlòmíràn. Wọ́n yege.

Ẹ fi wo lékeléke àti màlúù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tó bá rí lékeléke lókè á na ọwọ́ sí i pé kó fún òun ní èékánná funfun. A máa ń rí wọn tí wọ́n ń tọ màlúù lẹ́yìn, àwọn kan á gun ẹ̀yìn rẹ̀, a sì máa ń rò pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Oúnjẹ ló gbé lékeléke lọ síbẹ̀. Bí màlúù bá ń rìn, tata àti kòkòrò á máa fò jáde nínú koríko, lékeléke á sì máa ṣà wọ́n jẹ láìṣe wàhálà. Ṣé màlúù yí ìṣe rẹ̀ padà nítorí lékeléke? Rárá, ó kàn ń jẹko rẹ̀ ni. Àjọṣe ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kò burú náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn, nítorí ó wúlò. Ní Nàmíbíà, àwọn àgbẹ̀ máa ń yìnbọn pa cheetah, ẹranko alámì tó ń sáré ju gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ lọ, nítorí ó ń pa ewúrẹ́ wọn jẹ. Láti 1994 ni ẹgbẹ́ Cheetah Conservation Fund ti ń fún wọn ní ajá ńlá láti ìran àwọn ajá Tọ́kì tó ń ṣọ́ ẹran. Àṣírí rẹ̀ ni pé láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ọmọ ajá náà sáàárín ewúrẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí bí ìkejìlá tí wọ́n bí ajá, ẹni tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ ló máa ń kà sí ará ilé. Bó bá dàgbà, ewúrẹ́ ni ìdílé rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ohunkóhun fọwọ́ kàn wọ́n. Àgbẹ̀ ò pàdánù ẹran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì nídìí tí yóò fi yìnbọn. Ẹranko mẹ́ta ló jèrè: ajá, ewúrẹ́, àti cheetah tó wà nínú igbó tí kò mọ̀ pé wọ́n ṣe òun lóore.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ajá àti ológbò yín rẹ́, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ẹ kó wọn pọ̀ láti kékeré. Ẹ má fi abọ́ kan ṣoṣo bọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ológbò ní ibi gíga tó lè sá gùn. Ikùn tó yó, àti ibi tí ẹ̀rù ò sí.

Ọ̀bọ tí kì í dàgbà

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí fídíò tó dójú tì mí. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn wò ó. Ṣé ó pẹ́? A ò lè mọ̀, nítorí ọ̀bọ tuntun ni ní gbogbo ìgbà. Ṣé àwọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀? Ọmọ ọ̀bọ máa ń di ohunkóhun tó bá ní irun mú, nítorí ara ìyá rẹ̀ ló yẹ kó dì mọ́ tọ̀sán-tòru. Ohun tí mo pè ní ìfẹ́ lè jẹ́ ọmọ òrukàn tó ń wá ìyá. Ìyá rẹ̀ wá dà? Lọ́pọ̀ ìgbà, kí èèyàn tó rí ọmọ ọ̀bọ gbà, wọ́n á ti pa ìyá rẹ̀. Bó ṣe ń rí náà nìyẹn nílé níbí, tí ọlọ́dẹ bá pa ìyá fún ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n wá gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ní Calabar, CERCOPAN ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ ọ̀bọ bẹ́ẹ̀ láti 1995.

Ọ̀rọ̀ náà ò mọ lórí ọ̀bọ nìkan. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọmọ ajá tàbí ológbò síwájú ejò, wọ́n á wá sáré wọlé bí ẹni tó fẹ́ gbà á là, kámẹ́rà á sì ti wà nílẹ̀ kí ejò tó dé. Ní ọdún 2021, YouTube fúnra wọn kéde pé àwọn á máa yọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó ló ń san owó rẹ̀. Bí mo ṣe pín tèmi yẹn, tí ẹ̀yin náà pín in, a jọ san owó ọ̀bọ tó kàn ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn, ẹ wò ó: Níbo ni wọ́n ti ya á? Ta ni ẹranko yìí, ṣé ó lórúkọ, ṣé ó ní ìtàn? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ rọra kọjá. Ẹ má sì bú wọn lábẹ́ rẹ̀, nítorí èébú náà ń gbé fídíò ga ni. Bí ọmọ yín bá sì ní kí ẹ ra ọ̀bọ fún òun nítorí èyí tó rí lórí fóònù, ẹ sọ ìtàn Owen fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ dé ìparí.

Owen dàgbà

Ìparí rẹ̀ rèé. Owen ń jẹun, ó ń ga, ó ń fẹ̀. Akọ erinmi tó bá dàgbà lè wọn ju 1,500 kìlógíráàmù lọ, ìyẹn ni ọgbọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì. Eré tó ń bá Mzee ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, tí wọ́n á jọ máa ti ara wọn, ti wá di ewu. Kò bínú sí i o. Ó kàn wúwo ni. Bó bá fẹsẹ̀ kọ, bó bá fi orí sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ìgbá ẹ̀yìn bàbá àgbà lè fọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ Haller Park pín wọn níyà. Wọ́n wá abo erinmi kan tó ń jẹ́ Cleo, wọ́n mú Owen mọ̀ ọ́n, kó lè kọ́ bí erinmi ṣe ń ṣe erinmi. Mzee padà sí ìgbé ayé tirẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Inú bí àwọn kan nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe máa ṣe ọ̀rẹ́ nìyẹn? Èmi náà kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Mo wá rántí lẹ́tà tí ẹ̀yin ará ilé mi kọ sí mi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín erinmi àti ìjàpá ò fìgbà kan kúrò níbẹ̀. Fún àkókò kan ni wọ́n rí ọ̀nà gbà á kọjá, nígbà tí ọ̀kan kéré, tí ọ̀kan sì ní sùúrù. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn àwọn méjèèjì lóòótọ́ gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ tí àkókò náà bá pé, kó sì ṣe ohun tó yẹ, bí kámẹ́rà ò bá tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀yin tó kọ̀wé sí mi yẹn, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín náà ni mo fi ń wo gbogbo fídíò ẹranko báyìí. Ọ̀bọ inú fídíò yẹn kì í dàgbà. Owen dàgbà.